Mo Ti Ju Àga

Etí ni mo fi ń ṣiṣẹ́ ju ojú lọ. Kí wọ́n tó mú ọmọ kankan dé ọ̀dọ̀ mi ni mo ti máa ń gbọ́ ọ. Àga á kọ́kọ́ ṣubú, gbàà! Gbogbo kíláàsì á ké "Yéè!" lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ibẹ̀ á pa lọ́lọ́, sálúbàtà Màmá Kíláàsì Kejì á wá máa wọ́ ilẹ̀ bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ṣàà, ṣàà, nítorí pé orúnkún rẹ̀ kan ti ń yọ ọ́ lẹ́nu ó pẹ́. Bí mo bá ti gbọ́ sálúbàtà yẹn, mo ti mọ̀ pé Jagunlabí ló ń bọ̀, mo sì ti mí kanlẹ̀.

Jagunlabí kọ́ ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ o. Ọmọdébìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà ni, tín-ín-rín bí okùn bàtà, eyín méjì ti yọ níwájú ẹnu rẹ̀, tó bá ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ á máa gbabẹ̀ jáde. Màmá Kíláàsì Kejì ló fi orúkọ yẹn pè é lọ́jọ́ tó fi àga kan ṣoṣo lé gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sẹ́yìn pátákó, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Tí o bá pe orúkọ rẹ̀ gan-an, á wò ọ́ bíi pé ẹlòmíràn lo ń bá wí.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Yàrá. Yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni tèmi, níbi tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti bọ́ọ̀lù tó ti bẹ́ sí tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó bá ń ju nǹkan, tó ń gé ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ, tàbí tó wọ abẹ́ tábìlì tó ní òun ò jáde mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń mú un wá. Wọ́n rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ yìí dáadáa. Wọ́n kọ́ mi pé kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú mi àti ojú ọmọ á fi ṣe déédéé, kí n rẹ ohùn sílẹ̀, kí n má sì béèrè "kí ló dé?" nígbà tí ara rẹ̀ ṣì ń gbóná. Ohun tí wọn ò kọ́ mi ni bí ẹ̀yìn ṣe máa ń ro ẹni tó bá ń fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tí mo bá délé, ọkọ mi á ní, "Jọ̀ọ́, má fi ohùn yẹn bá mi sọ̀rọ̀, èmi ò ju àga." Ẹ̀rín á pa òun fúnra rẹ̀. Kó tó rẹ́rìn-ín tán, mo ti sùn lọ níbi tí mo jókòó sí.

Agolo ńlá kan wà nínú yàrá mi tí bọ́tìnì kún inú rẹ̀ bámúbámú, àwọn èyí tí a já lára aṣọ tó ti gbó. Ọmọ tó bá wọlé á mu omi, á jókòó, á máa ṣa bọ́tìnì: pupa sínú ife kan, funfun sínú ife kan, búlúù sínú ife kan. Ẹnikẹ́ni kì í bá a sọ̀rọ̀ títí òun fúnra rẹ̀ á fi lanu. Jagunlabí á wọlé, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ á pọ́n. Kó tó ṣa pupa tán, èjìká rẹ̀ á ti wálẹ̀. Tó bá fi máa kan búlúù, ọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí, bàtà ọkùnrin kan dé ṣọ́ọ̀bù wa lánàá. Ẹnu rẹ̀ là báyìí, ó ń rẹ́rìn-ín."

"Kí ló ń pa bàtà lẹ́rìn-ín?"

"Ẹsẹ̀ ọkùnrin yẹn ni. Ó ń rùn."

Bàbá tó bí ìyá rẹ̀ ló ń tọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ bá iṣẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó máa ń pè lórí fóònù tó bá ráàyè. Ti bàbá rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Aránbàtà ni bàbá àgbà yìí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní igun títì tó kọjú sí ilé ẹ̀kọ́ wa, kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, òórùn awọ àti gọ́ọ̀mù ló kún ibẹ̀. "Ìyá mi" ló ń pe ọmọ náà, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àgbàlagbà ló sì ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ń kọjá lọ sílé lọ́sàn-án, á gbé orí sókè láàárín bàtà. "Tíṣà, ìyá mi ńkọ́? Ṣé wọn ò bá yín jà lónìí?" Àwàdà ló fi ń ṣe, àmọ́ ojú mi ló máa ń wò, kì í wo ẹnu mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó kẹ́yìn ọdún, àga Jagunlabí ba ọmọkùnrin kan níwájú orí. Kò ṣẹ̀jẹ̀, ó kàn wú ni, àmọ́ ìyá ọmọ náà wá pariwo débi pé àwọn tó ń kọjá lójú títì dúró wòran. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹni tí kò fẹ́ ariwo ni, ó wá lọ gbaṣẹ́ níbi tí ariwo kì í ti í tán. Ó ránṣẹ́ pe èmi àti bàbá àgbà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "Mo ti bá ilé ẹ̀kọ́ kan tó wà lódì kejì odò sọ̀rọ̀. Irú àwọn ọmọ báyìí ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, wọ́n sì láyè. Tí sáà yìí bá parí tí nǹkan ò yí padà, ibẹ̀ ló ń lọ."

"Ṣé wọ́n á máa wálé tó bá dalẹ́?"

"Rárá o, Bàbá. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ìgbà ọlidé ni wọ́n ń wálé."

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀, dúdú gọ́ọ̀mù wà lábẹ́ gbogbo èékánná rẹ̀. "Èmi nìkan ni mo mọ bí wọ́n ṣe ń sùn," ó ní. "Wọn kì í sùn bí ọwọ́ mi ò bá sí lórí wọn."

Ọ̀gá ń yí bírò rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tí a jáde, bàbá náà dá mi dúró lẹ́nu géètì. "Tíṣà, ẹ̀yin ni mo gbójú lé. Ọ̀dọ̀ yín nìkan ni wọ́n ti ń jókòó jẹ́ẹ́." Orí mi wú, mi ò ní parọ́. Nínú iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń kíni pé ó ṣeun, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń dùn. Mo lọ sọ fún Màmá Kíláàsì Kejì pé bí ara ọmọ náà bá ti ń gbóná díẹ̀ báyìí, kó tètè máa mú un bọ̀. Mo wá àga kan tó nírọ̀rí fún un, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ní ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni n ó yanjú ẹ̀.

Ó wá di pé ojoojúmọ́ ni àga ń fò. Láàárọ̀, ó ju àga. Kí agogo eré tó lù, ó ti ju òmíràn. Sálúbàtà Màmá ò sinmi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èmi náà ò sinmi nínú yàrá, àwọn ọmọ yòókù tó yẹ kí n rí, mi ò rí wọn mọ́. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu. Mo máa ń jókòó sínú ọkọ̀ tó ń gbé mi relé kí n máa wo ọwọ́ mi bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Ohun tó sì ń dà mí láàmú jù ni pé ọmọ náà dáa lọ́dọ̀ mi. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń kó bọ́tìnì padà sínú agolo láìjẹ́ pé mo sọ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀yìn mi kọ̀ pátápátá, mi ò lè dìde lórí ibùsùn. Ilé ni mo wà lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo padà dé ibi iṣẹ́, Màmá Kíláàsì Kejì ló kọ́kọ́ bá mi pàdé, ó gbé tíì rẹ̀ lọ́wọ́.

"Àǹtí Yàrá, ẹ kú ara líle o. Ó yẹ kí ẹ máa ṣàìsàn lemọ́lemọ́ ni."

"Èéṣe, Màmá?"

"Jagunlabí ò ju nǹkan kan lánàá. Ó gbé àga sókè lẹ́ẹ̀kan, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní, 'Àǹtí Yàrá ò wá o.' Ló bá gbé àga kalẹ̀. Ó jókòó lé e."

Inú bí mi. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí pé ẹnu Màmá mú, wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn gbàgà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún bọ́tìnì ṣà, bọ́tìnì tí ẹnikẹ́ni ò dà rú. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ìgbà tí wọ́n kun yàrá mi lọ́dà, tí òórùn ọ̀dà ò jẹ́ ká lè lò ó. Jagunlabí ò ju àga nígbà yẹn náà. A tiẹ̀ yìn ín. Ọwọ́ mi dúró nínú agolo.

Wọn ò tíì lu agogo eré tí mo fi gbọ́ gbàà, mo gbọ́ "Yéè!", mo gbọ́ sálúbàtà. Jagunlabí wọlé, ó mu omi, ó lọ jókòó sórí àga onírọ̀rí rẹ̀ bí ìyálé ilé. Mo jẹ́ kó ṣa bọ́tìnì títí ó fi kan búlúù.

"Jagunlabí, kí ló ṣẹlẹ̀ tí o fi ju àga lónìí?"

Ó wò mí bíi pé mo béèrè ohun tó yẹ kí n ti mọ̀. "Mo fẹ́ wá síbí ni."

"Ṣé o ò lè wá láìju àga?"

Ó rò ó. Ọmọ náà rò ó gan-an, mo rí i tó ń rò ó. "Wọn kì í mú èèyàn wá bí kò bá ju àga," ó ní. "Ọmọ tó jókòó jẹ́ẹ́, kíláàsì ló máa ń wà."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí mo ń rẹ ohùn sílẹ̀, tí orí mi ń wú pé ọ̀dọ̀ mi nìkan ló ti ń dáa, ohun tí mo ń kọ́ ọ ni pé àga ni kọ́kọ́rọ́ yàrá mi. Àwa tí a kọ́ṣẹ́ yìí nìkan ló lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bá bínú á kàn lé ọmọ jókòó sí igun ilé ni, àwa ni a máa fún un lómi àti ìrọ̀rí.

Lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ sílé, mo lọ bá Màmá ní kíláàsì rẹ̀. Ó ń to àga. Mo bá a to ìyókù, mo sì sọ fún un.

"Ojoojúmọ́, tí wọ́n bá ti ṣeré tán, ó máa wá sọ́dọ̀ mi. Ì báà jókòó jẹ́ẹ́, ì báà jà, àkókò rẹ̀ ni. Àmọ́ bó bá ju àga nígbà mìíràn, mi ò ní ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀yin lẹ máa wà pẹ̀lú ẹ̀ títí ara ẹ̀ á fi rọ̀."

Màmá dúró. Ó máa ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí mi. Bí inú bá bí i ni "ẹ" yẹn ń pòórá. "Ìwọ fẹ́ tilẹ̀kùn mọ́rí, kí o wá kó ogun tì mí? Kí o máa ṣa bọ́tìnì kí n máa sá fún àga? Pẹ̀lú orúnkún yìí?"

"Ó máa burú sí i kó tó dáa, Màmá. Ọmọ tó mọ̀ pé ohun kan ń ṣílẹ̀kùn, bí kò bá ṣí mọ́, ńṣe lá kọ́kọ́ tì í kíkankíkan."

"Lójú Ọ̀gá?"

"Lójú Ọ̀gá."

"O sì mọ̀ pé bó bá burú sí i, wọ́n á gbé e lọ ni."

"Mo mọ̀."

Ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àwọn àga kéékèèké yẹn, èmi náà jókòó sórí òmíràn, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. "Ó rẹ̀ mí, Àǹtí," ó ní, "ẹ" sì ti padà sí ohùn rẹ̀. "Ẹ ò mọ bó ṣe rẹ̀ mí tó."

"Ó rẹ èmi náà, Màmá."

A lọ sọ fún Ọ̀gá. Ó ní òun ò ní dí wa lọ́wọ́, àmọ́ òpin sáà ni òpin sáà. Lọ́jọ́ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Jagunlabí, mo là á yé e. Ó mi orí. Mo ní ṣé ó yé e. Ó ní ó yé òun. Kò tíì pé wákàtí kan tí mo fi gbọ́ gbàà.

Lọ́tẹ̀ yìí, kò dúró de sálúbàtà. Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni mo gbọ́, ó ń sáré bọ̀. Mo ti yí kọ́kọ́rọ́. Ó di ilẹ̀kùn mú, ó fà á, kò ṣí.

"Àǹtí!"

Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Àǹtí! Èmi ni! Mo ti ju àga!" Ó rò pé mi ò gbọ́ ni. Ó tún pariwo sókè, ohùn rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ti san owó ọjà tí wọn ò gbé ọjà fún un. "Mo ti jù ú! Mo ti ju àga! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Ó fi ẹsẹ̀ ta á. Nígbà tó yá, mo gbọ́ orí rẹ̀ lára pákó, ọwọ́ mi sì ti wà lórí kọ́kọ́rọ́ kí n tó mọ̀. Bí mo bá ṣí i báyìí, ohun tí n ó kọ́ ọ ni pé àga nìkan ò tó mọ́, pé ó gbọ́dọ̀ forí gbá ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì ń dùn mí bíi pé wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gún mi. Omi ń bọ́ lójú mi, mo ń nù ún pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn bàbá àgbà. Bàtà ọmọ náà tó já lánàá ló bá a rán, ó ń gbé e bọ̀ fún un kí àkókò eré tó tó. Irú ọjọ́ wo lèyí?

"Ìyá mi! Ta ló gbé yín sílẹ̀ báyìí?" Ó kan ilẹ̀kùn. "Tíṣà! Tíṣà, ìyá mi ló wà nílẹ̀ yìí o. Ẹ ṣílẹ̀kùn."

Bí mo bá dáhùn, ọmọ náà á gbọ́ ohùn mi. Mi ò dáhùn.

Kò pariwo. "Ẹ̀yin náà," ó ní. Kò fi nǹkan kan kún un.

Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Ọ̀gá ṣí lókè lọ́hùn-ún. Mo ní ó ti parí nìyẹn, mo ti fọwọ́ ara mi lé ọmọ náà sọdá odò. Àmọ́ mo gbọ́ ṣàà, ṣàà. Sálúbàtà náà wá, ó dé ẹnu ọ̀nà mi, ó dúró. Màmá ní kí bàbá fi ọmọ náà sílẹ̀ fún òun, mo sì gbọ́ tí ẹsẹ̀ bàbá ń jìnnà lọ. Mo gbọ́ bí ẹni wúwo ṣe ń rọra bọ́ sílẹ̀, tó ń di ògiri mú, tó ń kérora.

"Háà, orúnkún mi o," Màmá Kíláàsì Kejì ní. "Ó tán. Jagunlabí, mo ti jókòó o. Mi ò sì ní lè dìde mọ́. Ìwọ lo máa fà mí dìde."

Ọmọ náà ń ké lọ. Màmá ò bá a wí, kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ń kérora tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wúyẹ́wúyẹ́, bí àgbà tó ń wábi tó máa gbé ẹsẹ̀ sí. Èpè kékeré méjì kan jáde lẹ́nu rẹ̀ sí orúnkún náà. Ẹkún ń lọ sílẹ̀. Ó di ìmí-ẹ̀dùn. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn tóóró kan, afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo eyín rẹ̀ jáde.

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ó ń dùn mí gan-an."

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Èyí."

Mi ò mọ ohun tó ń ṣe, ilẹ̀kùn wà láàárín wa, àmọ́ Màmá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ńṣe ló gbé ọwọ́ lé orúnkún òun, tó sì fi í síbẹ̀. Ọwọ́ náà gbóná, ó ní.

Nígbà tí agogo eré lù, tí wọ́n ṣeré tán, mo ṣílẹ̀kùn mi gbayawu gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣèlérí. Ẹnikẹ́ni ò wá. Mo rìn lọ sí kíláàsì, mo ní, "Jagunlabí, àkókò rẹ ti tó." Ó wò mí, ó yí orí rẹ̀ sí fèrèsé. Mo padà sí yàrá mi, mo jókòó ti bọ́tìnì títí àkókò náà fi kọjá.

Ọ̀gá pè wá lọ́jọ́ náà. Ó ní ní gbogbo ọdún tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, òun ò gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí, òun rò pé kí a má wulẹ̀ dúró de òpin sáà mọ́. Kí n tó lanu, Màmá Kíláàsì Kejì ti sọ̀rọ̀. "Òpin sáà lẹ sọ, Ọ̀gá. Ọmọ kíláàsì mi ni. Èmi ni mo ń jókòó nílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin." Ọ̀gá wo orúnkún rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀, ó ní ó dáa.

Kò dùn ún sọ bí àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ṣe rí. Jagunlabí ṣì ju àga, ó tún fa ilẹ̀kùn mi láti òde, ó tún pariwo pé òun ti jù ú. Màmá ṣì ń jókòó sílẹ̀. Ó ti kọ́ àwọn ọmọ yòókù láti máa ka ìwé wọn lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Tí àkókò ọmọ náà bá tó, á wá sọ́dọ̀ mi, á kọ ẹ̀yìn sí mi, á ṣa bọ́tìnì láìsọ ọ̀rọ̀ kan, á sì lọ. Ní títì, bí mo bá ń kọjá, bàbá àgbà á tẹrí ba sínú bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò béèrè ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mi mọ́. Mo máa ń kí i síbẹ̀, á ní "Ẹ ǹlẹ́" sí bàtà. Ó ń dùn mí ju ẹ̀yìn mi lọ.

Àmọ́ ariwo àga ń jìnnà síra wọn. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, mi ò gbọ́ ọ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó yá, mo máa ń gbọ́ tí wọ́n bá fa àga sẹ́yìn, màá di ara mú, màá wá gbọ́ tí wọ́n ń dá a padà sáyè ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà kọ ẹ̀yìn sí mi bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ní, "Bàtà kan wà ní ṣọ́ọ̀bù wa tí kò ní ìkejì." Ó kàn sọ ọ́ fún ògiri ni. Mo ní, "Ta ló ń wọ ọ̀kan?" Ó ní, "Wọ́n ń wá a." Ọ̀rọ̀ wa fún ọ̀sẹ̀ yẹn nìyẹn.

Nígbà tí sáà ku díẹ̀ kó parí, Ọ̀gá yọjú sí yàrá mi. Kì í wọlé, ẹnu ọ̀nà ló máa ń dúró sí. Ó ní, "Mo ti pe àwọn ará òdì kejì odò. Mo ní kí wọ́n fún ẹlòmíràn láyè yẹn." Ó ti fẹ́ lọ kó tó yíjú padà. "Ẹ kú iṣẹ́," ó ní, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà le lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, mo gbé agolo kalẹ̀, mo to ife, mo da omi, mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. Wọ́n ti ṣeré tán. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan tó ń bọ̀ jẹ́ẹ́, mi ò mọ ẹni tó ni ín. Jagunlabí ló yọ orí.

"Àǹtí, Màmá ní kí n wá sọ fún yín pé mi ò ní lè wá lónìí." Ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. "Ọwọ́ mi dí. A ń kàwé, èmi ló kàn."

"Ọwọ́ rẹ dí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ má bínú."

"Kò burú. Lọ ka ìwé rẹ."

Ó sáré lọ, ó tún padà. "Ẹ má ṣa búlúù láìsí mi o."

Mo jókòó. Inú mi dùn, mo sì sunkún, ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún nìyẹn, pé kí ọmọ má nílò mi mọ́, àmọ́ ó dà bíi pé wọ́n mú nǹkan lọ́wọ́ mi. Láti inú kíláàsì lọ́hùn-ún, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń kàwé, ó ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ń gba àlàfo eyín. Mo gbọ́ ọ dé ìparí ojú ìwé náà.

Nígbà tí mo ń lọ sílé, mo dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù aránbàtà. Ó tẹrí ba sínú bàtà.

"Bàbá," mo ní, "ìyá yín ò ráàyè gbà mí lónìí. Wọ́n ní ọwọ́ wọn dí. Ìwé ni wọ́n ń kà."

Ó dáwọ́ dúró. "Wọ́n ní kí ni?"

"Wọ́n ní ọwọ́ àwọn dí. Wọ́n sì ní kí n má bínú. Ọ̀gá náà ti sọ fún àwọn ará òdì kejì odò pé wọn ò wá mọ́."

Ó gbé bàtà tó ń rán kalẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì, ó ń tún un sọ lábẹ́lẹ̀, "Ọwọ́ wọn dí, ọwọ́ ìyá mi dí," títí ẹ̀rín náà fi yí padà mọ́ ọn lẹ́nu tó fi ọwọ́ gọ́ọ̀mù bojú. Mo yíjú sí títì kó lè nu ojú rẹ̀.

Nígbà tí mo wò ó padà, ẹsẹ̀ mi ló ń wò. Ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde síwájú mi.

"Ẹ bọ́ bàtà yẹn, Tíṣà. Ẹ wo bí iwájú ẹ̀ ṣe ká, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Bàtà ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyí." Ó na ọwọ́. "Ẹ jókòó. Ó ti rẹ̀ yín."

Mo jókòó.